Páìpù Tó Ṣẹ́ Nínú Ògiri Alhaja

Ashanti New Town,
Kumasi.
Ọjọ́ Ajé, ní òwúrọ̀.

Fúnmiláyọ̀, Àdùkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ara gbogbo wa le, kí o má bàa rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó kí àyà rẹ já. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń lọ sọ́jà. Lánàá, wọ́n tún dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí iṣẹ́ tuntun rẹ. Ẹni tó gbàdúrà ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní Sekondi. Ìyá rẹ rọra sọ fún un lẹ́yìn ìsìn pé Sunyani ni.

Ó ti lé lóṣù kan tí o ti fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. O ní wọ́n ti fi gbogbo omi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìkáwọ́ rẹ, ilé mẹ́fà, pé àwọn tápù àti páìpù ibẹ̀ ti gbó, pé púpọ̀ nínú wọn ti dípẹtà mọ́ ara wọn débi pé wọn kò ṣeé tú. O ní wọ́n ní kí o kọ orúkọ àwọn irinṣẹ́ tí o nílò sínú ìwé, o wá bi mí pé, "Dádì, èwo ni kí n kọ́kọ́ béèrè fún?" Mo ní màá kọ̀wé sí ọ. O tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń sọ pé ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi kò dí, ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ìwọ náà mọ̀. Iwájú ilé ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, tí mo bá sì ti dé ibi ọ̀rọ̀ sípánà, ọwọ́ mi á dúró. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n kò dára, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o bi mí.

Èkíní, kí o tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, wá ibi tí a ti ń ti omi ilé náà pa. Bi àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń kó nǹkan lé e lórí títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rántí rẹ̀ mọ́. Tì í pa, kí o wá ṣí tápù tó wà nísàlẹ̀ jù lọ, kí omi tó kù nínú páìpù jáde tán.

Èkejì, kọ sípánà páìpù sínú ìwé náà, èyí tó ní eyín lẹ́nu, tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń fà á tó ló ṣe ń bu páìpù mọ́ ẹnu tó. Méjì ni kí o kọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì fagi lé ọ̀kan pé ọ̀kan tó. Kí gígùn wọn má ju láti ọrùn ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá lọ púpọ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù ni wọ́n fẹ́ rà, kò burú. Àwọn àlòkù tó wà ní Magazine, ọjà àwọn mẹkáníìkì níbí, lágbára ju àwọn tuntun tó ń dán lọ. Ṣùgbọ́n fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀. Bí kò bá há ọ lọ́wọ́, eyín náà ti jẹ tán, yóò yọ̀ nígbà tí o bá ń fi agbára fà á. Wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀. Yí òrùka tó ń ṣí ẹnu rẹ̀, kó máa lọ kó máa bọ̀ láìdúró.

Ìdí tí mo fi ní méjì ni pé ọ̀kan máa di páìpù mú kó má mira, èkejì ni yóò yí tápù tàbí ìsopọ̀ tí o fẹ́ tú. Kí ẹnu wọn kọjú sí ara wọn. Ẹnu tó ṣí ni kó dojú kọ ibi tí o ń fà á sí, apá òsì sì ni o ń yí i sí bí o bá fẹ́ tú u. Fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, má tì í, torí bó bá yọ lójijì, ìka rẹ ni yóò gbá ògiri. Ará Ashanti tó kọ́ mi níṣẹ́, Wọfa Kwabena, a máa ń pè é ní wọfa bí ẹni ń pe arákùnrin ìyá ẹni, ohun tó kọ́kọ́ fi kọ́ mi nìyí. "Ọ̀kan dì í mú, ọ̀kan yí i," á sọ ọ́ ní Twi, á tún fi "bọ̀kọ̀ọ̀" kún un, pé kí n rọra. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbọ́ bọ̀kọ̀ọ̀.

Ẹ̀kẹta, béèrè fún sípánà tí kò ní eyín, èyí tí à ń fi àtàǹpàkò yí ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀ tàbí kó kéré. Òun ni wàá lò fún nọ́ọ̀tì àti fún tápù tó ń dán. Oníeyín máa ha tápù dídán, àwọn ọ̀gá rẹ á sì bínú. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mú nọ́ọ̀tì náà pinpin kí o tó fà á. Bí àyè bá wà láàárín wọn, igun nọ́ọ̀tì á jẹ, á di róbótó, kò ní sí ohun tó máa mú un mọ́. Bí o bá bá èyí tó ti di róbótó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà yẹn ni kí o padà sí oníeyín.

Ẹ̀kẹrin, sípánà kan wà tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ẹnu rẹ̀ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún. Abẹ́ bàsíà ìfọwọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò ti lè dé. Kọ òun náà. Bí o bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ bàsíà, bo ojú rẹ, torí ìpẹtà á máa já bọ́ sí ọ lójú.

Èkarùn-ún kì í ṣe ohun tí a ń rà. Bí ìsopọ̀ bá ti dì, kán kẹrosíìnì tí o ti pò mọ́ òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí rẹ̀. Fi òòlù kékeré kàn án yíká, kí o kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna, kí òróró lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀, kí o lọ ṣe nǹkan mìíràn. Padà wá ní ìrọ̀lẹ́, kí o tún kán an sí i. Bó bá di ọ̀la, dán an wò. Bó bá kọ̀, tún ṣe é. Bó bá jẹ́ èépá funfun tí omi líle máa ń kó jọ ló dì í, fi aṣọ tí o rì sínú ọtí kíkan wé e mọ́jú. Àwọn kan máa ń fi iná yọ́ ọ. Páìpù onírin nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kì í ṣe oníke, má sì ṣe é láéláé níbi tí o bá ti kán kẹrosíìnì sí. Ní tìrẹ, fi iná sílẹ̀. Ìyá rẹ á bá mi jà.

Wàyí o, wàá bi mí pé, ta ló máa ń fi tápù kan sílẹ̀ di ọ̀la? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa pariwo pé àwọn fẹ́ wẹ̀. Ọ̀gá á máa pè ọ́ lórí fóònù. Mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ tèmi ti yọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Wọfa Kwabena, èmi àti ìyá rẹ ń múra ìgbéyàwó. Obìnrin kan wà ní Asawase tó ń jẹ́ Alhaja Sàlámátù. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ó ń ta abọ́ tánńganran. Ó ní ilé oníyàrá mọ́kànlá, àgbàlá wà láàárín rẹ̀, tápù kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo ilé. Ara ògiri yàrá obìnrin kan tó ń jẹ́ Fátì ni wọ́n kan tápù náà mọ́. Fátì ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, Twi rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Ó jù mí lọ díẹ̀, síbẹ̀ Bùrọ̀dá ló ń pè mí nítorí iṣẹ́ mi.

Tápù yẹn ti ń jò, ó ti dípẹtà. Alhaja ní kí n yọ ọ́, kí n fi tuntun sí i. Mo dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú sípánà oníeyín kan ṣoṣo. Èkejì wà nílé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìbá gbà mí láti lọ mú un, ṣùgbọ́n mo rò pé n kò nílò rẹ̀. Mo kán òróró sí i, mo fà á, kò yọ. Mo tún fà á, kò yọ. Àwọn ará ilé ti ń jáde wá wò mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun ọ̀sán, Alhaja bọ́ síta, ó bi mí bóyá yóò yọ lónìí, pé omi àlùwàlá ni àwọn ń retí. Mo ní yóò yọ.

Fátì wà níbẹ̀, aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí òróró yẹn wọ̀ ọ́ dáadáa. Tó bá di ọ̀la náà, èmi á bá gbogbo ilé pọnmi."

Obìnrin tó ń fọṣọ ló ń sọ ohun tí ọ̀gá mi ti fi ọdún mẹ́rin sọ fún mi. Ó bí mi nínú. Mo sáré lọ sí ilé kejì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ páìpù ńlá, mo gbé sípánà ibẹ̀ wá, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ mi. Mo tún ki òfìfo páìpù bọ ọwọ́ rẹ̀ kó lè gùn sí i. Mo fi ẹnu rẹ̀ gbá tápù mú, mo fi gbogbo ara mi fà á.

Ó yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí tápù bá ń yọ láti ojú ìdè rẹ̀, ọwọ́ plọ́ńbà máa ń mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ta jáǹkán, lẹ́yìn náà á máa ha bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ lójijì, mo sì gbọ́ ìró kékeré kan nínú ògiri lọ́hùn-ún, kẹ́. Nítorí pé n kò ní sípánà kejì tó di páìpù mú, páìpù ló bá tápù yí, ó sì ṣẹ́ níbi ìsopọ̀ tó ti yà kọ́nà nínú ògiri. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo yọ tápù àtijọ́, mo de tuntun mọ́ ọn, mo lọ ṣí omi. Omi ń jáde dáadáa. Alhaja ṣàdúrà fún mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ó ń tutù.

Ọmọ mi, ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí n kò lè fọ̀ kúrò. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà náà ni, wọn ì bá gbẹ́ ògiri díẹ̀, ǹ bá pààrọ̀ ibi tó ṣẹ́, wọn ì bá fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi ni. Mo po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, mo fi rẹ́ ibi tó tutù náà, mo sọ fún Alhaja pé ó ti parí. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Bíríkì alámọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Omi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ojú kò rí i. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Fátì ti ń sọ pé yàrá òun ń rùn bí ilẹ̀ tútù, pé Alhaja sì dá a lóhùn pé omi aṣọ tó ń dà sídìí ògiri ni. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn iṣẹ́ mi, ògiri náà wó sínú yàrá Fátì. Ọlọ́run ṣe é, ó ti gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àdúgbò wa níbí. Orí ẹní tó máa ń sùn sí ni bíríkì kó jọ lé.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá ti omi pa. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ inú amọ̀ yẹn. Mo rí ìsopọ̀ náà, ó ṣẹ́ sí méjì. Mo jù ú sínú àpò irinṣẹ́ mi, nígbà tí mo ń padà lọ sílé, mo sọ ọ́ sórí ààtàn.

Àwọn àgbà ilé ti jókòó sí àgbàlá. Fátì ti dé, ó dúró, amọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alhaja bi mí lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa omi. Sọ òtítọ́ fún wa. Ṣé inú páìpù ni omi yìí ti wá, àbí omi ìfọṣọ ni?"

Mo ní, "Omi ìfọṣọ ni."

Fátì wò mí. Kò sunkún, kò sì pariwo. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ wò ó dáadáa?"

Mo ní mo wò ó dáadáa.

Kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́ nínú ilé yẹn. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì, ó kọjá sí Tafo. Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ ní Asawase pé obìnrin kan fi omi aṣọ wó ilé, àwọn tó ń fún un ní aṣọ fọ̀ sì gba aṣọ wọn padà. Èmi náà, Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í júwe mi fún àwọn onílé. Á ní olóòótọ́ ọmọ ni mí, pé n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ń ti Asawase wá bá mi láti ilé dé ilé. Ẹnu iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni mo ti fẹ́ ìyá rẹ, ibẹ̀ ni mo ti rán ọ nílé-ìwé. Mi ò fẹ́ kí o bá mi gbé e. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Wàá bi mí ìdí tí n kò fi padà lọ sọ òtítọ́. Ní ọdún kìíní, ìgbéyàwó ni mo fi ṣàwáwí. Mo ní bí orúkọ mi bá bàjẹ́, àwọn òbí ìyá rẹ á mú un kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, mo ní ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn tí a bí ọ, mo ní nítorí tìrẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pàdé Fátì. Ìkíní, ní ọjà Tafo, mo yà sí òdìkejì títì. Ìkejì, inú trotro ni, ó jókòó síwájú mi, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa?" Mo ní dáadáa ni wọ́n wà. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tí Alhaja kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó láàárín àwọn èèyàn pàtàkì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà títí o fi bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí o béèrè fún. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí o ra méjì, kí o mú sùúrù, mo wá rí i pé èmi tí mò ń kọ ọ́ kò tíì sanwó ẹ̀kọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń san án. Mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ. Ó ń fa ẹ̀fọ́ já nígbà náà. Ó já ẹ̀fọ́ náà tán, ó wá ní kí n lọ ní kùtùkùtù, kí n má jẹun kí n má bàa rí ohun tó máa dá mi dúró.

Ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ni mo lọ sí Asawase bá Alhaji Rájì, àkọ́bí Alhaja. Òun ló ń tọ́jú ilé náà báyìí, wọ́n ti fi bulọ́ọ̀kù tún ògiri yẹn mọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Mo ti múra fún kó lé mi jáde. Kò lé mi. Ó wolẹ̀ títí, ó wá ní, "Fátì wá síbi ìsìnkú ìyá wa. Èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo ní kó padà." Ó lọ wọ bàtà, a sì jọ wọkọ̀ lọ sí Tafo.

A bá Fátì lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ aṣọ, àwọn obìnrin méjì ń bá a ṣiṣẹ́. Ó fi àga lọ̀ wá. N kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ iwájú rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa jó aṣọ oníbàárà, ó sì gbọ́ mi dópin.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Pé ẹ̀yin náà mọ̀ ni n kò mọ̀." Ó ní ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí ẹnikẹ́ni bá bú mi lójú òun, òun máa ń sọ pé ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, pé mo ṣèṣì wò ó ni.

Alhaji Rájì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún ìyá rẹ̀. Fátì dá a dúró. Ó ní ẹ̀bẹ̀ abẹ́ àtíbàbà kò ní mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ará Asawase. Ó ní kí n wá sọ ọ́ ní àgbàlá yẹn, ní ibi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́, pé òun máa wá gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Alhaji Rájì kó gbogbo ará ilé jọ, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn àgbà àdúgbò. Ìyá rẹ tẹ̀lé mi, ó dúró sẹ́yìn mi. Fátì wọ aṣọ funfun tí ó lọ̀ dáadáa, wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé ògiri kan wó rí. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo fóònù wọn. Ẹni mẹ́ta péré ló kù nínú àwọn tó jókòó nígbà náà. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Twi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò gbọ́. Mo ní omi inú páìpù ni. Mo ní èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, pé mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, pé mo parọ́ mọ́ Fátì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ìyá arúgbó kan tó ti gba aṣọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Fátì nígbà yẹn, fi ọ̀pá dìde, ó lọ di ọwọ́ Fátì mú. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, Àdùkẹ́, ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ lẹ́yìn ti irinṣẹ́ kò pọ̀. Páìpù á ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O lè ní gbogbo sípánà tó wà láyé, ọ̀kan á ṣẹ́, torí páìpù ibẹ̀ ti gbó. Bó bá ṣẹ́, má rẹ́ ẹ. Pe ẹni tó ni ilé kí o tó pe ẹni tó máa bá ọ tún un ṣe. Bí àwọn èèyàn bá ń wò ọ́, tí ara rẹ bá ń gbóná láti fi hàn wọ́n pé o lè ṣe é, sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, lọ mumi. Tí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún ọ pé ibì kan ń rùn bí ilẹ̀ tútù, lọ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Tí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló fà á, má jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí kò lè dáhùn ni wàá nawọ́ sí. Nítorí pé ìwọ lo mọ̀ nípa omi, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ nìyẹn ju ìka tó gbá ògiri lọ.

N kò bẹ Fátì pé kó dárí jì mí, òun náà kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Mo sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ Tafo ti ń gbéra. A rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, mo rò pé ó ti tán. Nígbà tí ọkọ̀ kún, tó ti jókòó, ó yọjú láti ojú fèrèsé.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ìyá mi gbé lọ́dọ̀ mi ní Tafo fún ọdún méjì kó tó kú. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí pé kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaja nítorí ilé tí mo wó. Òun ni n kò rí bí ẹ ṣe máa lọ sọ ọ́ fún."

Ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyá rẹ fi wá mú mi lọ sílé.

Mo wà níbí, níwájú ilé wa, mò ń ronú nípa rẹ lójoojúmọ́.

Bàbá rẹ,
Jósẹ́fù.